Láti Bẹ́ẹ̀dì Kan dé Òmíràn: Iṣẹ́ Dókítà Ìmúbọ̀sípò Lára Ẹni Tó Farapa

Ẹni tí mọ́tò gbá ní Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tó já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, kì í gba ìtọ́jú rẹ̀ tán lójú kan. Áńbúláǹsì lè ré ọsibítù tó wà nítòsí kọjá, kó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìfarapa tó le. Láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di wọ́ọ̀dù. Láti wọ́ọ̀dù, ó lè di ọsibítù àdúgbò rẹ̀, ó sì lè di ibùdó ìmúbọ̀sípò, kó tó wá di ilé. Níbi kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ tuntun lẹ ó bá, ìbéèrè àná náà ni wọ́n á sì tún bi yín.

Láàárín ibì kan àti èkejì ni nǹkan ti ń bọ́ sọnù. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé aláìsàn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ kò bá a dé wọ́ọ̀dù tuntun. Oògùn tó yẹ kí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di oògùn oṣù mẹ́fà. Ẹni tí yóò wá wo àtẹ̀gùn ilé kò tíì wá, wọ́n sì ti ní kí aláìsàn máa lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ dókítà ìmúbọ̀sípò ni láti dúró ti aláìsàn ní àwọn ìkọjá wọ̀nyí. Iṣẹ́ ẹbí ni láti mọ ohun tí wọn yóò bi í àti ohun tí wọn yóò sọ fún un. Ohun tí orí yìí dá lé nìyẹn, fún ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn.

Ta ni dókítà ìmúbọ̀sípò?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, òun ló ń to eegun. Dókítà ìmúbọ̀sípò ń bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn: kí ni ẹni yìí ń ṣe kó tó farapa, kí ló lè ṣe báyìí, kí ni yóò ràn án lọ́wọ́ láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbo ló sì ti máa rí ìrànlọ́wọ́ náà? Oníṣègùn tó gboyè ni, tó tún lọ kọ́ ẹ̀ka yìí ní àkọ́kún. Òun àti físíò jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà.

Òun nìkan kọ́ ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe. Físíò ń mójú tó ìrìn àti agbára iṣan. Àwọn tí wọ́n ń pè ní OT ń wo bí ènìyàn yóò ṣe wẹ̀, tí yóò wọṣọ, tí yóò dáná, tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Oníṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ ń tọ́jú ohùn, ó sì tún ń wò bóyá aláìsàn lè gbé oúnjẹ mì láìsí pé ó gba ọ̀nà èémí lọ. Sóṣà wọ́kà ń bá káńsù sọ̀rọ̀. Dókítà ìmúbọ̀sípò ló ń kó ohun tí gbogbo wọn rí pọ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di ètò kan ṣoṣo.

Bí aláìsàn bá fẹ́ kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ ó bá lọ́wọ́ rẹ̀:

1. Ó ń wá ohun tí ojú àwọn yòókù fò. Nígbà tí gbogbo ènìyàn gbájú mọ́ itan tó ṣẹ́, ó lè jẹ́ òun ni yóò ṣàkíyèsí pé ọpọlọ náà fara gbọgbẹ́, tàbí pé ìka kan wà tó kán tí kò sẹ́ni tó yàwòrán rẹ̀.

2. Ó ń tọ́jú ohun tó lè dí ìrìn àjò náà lọ́wọ́: ìrora, iṣan tó ń le gan-an, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tí kò gbọ́ràn, oorun tó dàrú, ìbínú tàbí ìdààmú tó tẹ̀lé ìfarapa ọpọlọ.

3. Ó ń yan ibi tó yẹ. Òun ló ń kọ̀wé sí ibùdó ìmúbọ̀sípò, òun ló sì ń ṣàlàyé fún wọn ìdí tí aláìsàn yìí fi nílò bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ wọn.

4. Ó ń sọ òtítọ́ fún ẹbí nípa ohun tó ṣeé ṣe kí ó padà àti ohun tó lè má padà, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní dókítà yìí lójoojúmọ́. Ọsibítù kékeré lè máa retí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ béèrè: "Ṣé dókítà ìmúbọ̀sípò ti rí i? Tí kò bá tíì rí i, ta ló ń ṣètò ìmúbọ̀sípò rẹ̀?" Bí ó bá jẹ́ físíò tàbí nọ́ọ̀sì aṣètò ló di iṣẹ́ náà mú, ẹ gba orúkọ onítọ̀hún. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn kì í sí lọ́rùn ẹnì kankan.

Àwọn ibi tí ìrìn àjò náà ń gbà

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọsibítù mẹ́rin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìfarapa tó le láti ọdún 2010: Royal London ní Whitechapel, King's College Hospital ní Denmark Hill, St George's ní Tooting, àti St Mary's ní Paddington. Ní ọdún 2012, wọ́n mú irú ètò yìí dé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí ẹni tó farapa létí ilé yín fi lè sùn sí ọsibítù tó jìnnà. Bí ewu bá ti kọjá, wọ́n lè dá a padà sí ọsibítù àdúgbò rẹ̀. Inú ẹbí a máa dùn sí èyí, nítorí pé kò ní sí wàhálà ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé yóò kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n jù.

Lẹ́yìn náà ni ibùdó ìmúbọ̀sípò. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ìpele kìíní wà fún ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ takókó jù, bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ farapa gidigidi, tó nílò dókítà, físíò, OT àti oníṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ papọ̀ lójoojúmọ́. Ìpele kejì wà fún àwọn tí ọ̀ràn wọn kò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹta ni ìtọ́jú tí ọsibítù àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá sílé ń ṣe. Dókítà ìmúbọ̀sípò ló máa ń pinnu èyí tó bá aláìsàn mu, ìyẹn kò sì ní kí bẹ́ẹ̀dì ṣófo lọ́jọ́ náà. Ìdúró máa ń wà. Bí ìdúró bá wà, ẹ bi í pé: "Kí ni wọn yóò máa ṣe fún un níbí títí bẹ́ẹ̀dì yóò fi yọ?" Ẹni tó dùbúlẹ̀ láìsí ìdárayá, agbára rẹ̀ á máa jò lọ.

Àwọn ibùdó kan tún wà fún ọ̀ràn kan pàtó. Fún ọ̀pá ẹ̀yìn, Stanmore wà ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, Stoke Mandeville sì wà ní Aylesbury. Royal Hospital for Neuro-disability wà ní Putney, ó ti wà láti 1854.

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ara aláìsàn ti tó láti kúrò ní wọ́ọ̀dù, ohun tó ń sọ ni pé kò nílò ìtọ́jú pàjáwìrì mọ́. Kò sọ pé ó ti lè dá gun àtẹ̀gùn, tàbí pé ó ti lè dá wà nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibí gan-an ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ní kí dókítà ìmúbọ̀sípò sọ èrò tirẹ̀ kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ bá aláìsàn rìn

Ní àwọn ọsibítù ìfarapa ńlá, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní *rehabilitation prescription*. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí aláìsàn bá ti dé, wọn á sì máa tún un kọ bí ara rẹ̀ bá ṣe ń yí padà. Kì í ṣe ìwé oògùn. Ohun tó farapa, ohun tí aláìsàn lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un, irú ìmúbọ̀sípò tó nílò àti ibi tí yóò ti rí i ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ gba ẹ̀dà kan, kí GP rẹ̀ náà sì gba ọ̀kan.

Òfin kan tó jẹ́ òpó gbogbo orí yìí ni pé: ẹ má jẹ́ kí aláìsàn ṣáájú ìwé rẹ̀. Kí wọ́n tó tì í wọ áńbúláǹsì, kí ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á, kí ẹ sì wò bóyá ó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

- Ẹsẹ̀ tàbí apá wo ni kò gbọdọ̀ gbé ìwúwo, títí di ọjọ́ wo, ta ni yóò sì sọ pé ó ti tó?
- Oògùn wo ni yóò dá dúró, ní ọjọ́ wo? Ẹ béèrè ní pàtàkì nípa oògùn ìrora tó lágbára, oògùn gìrì, àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.
- Irú oúnjẹ àti ohun mímu wo ló lè gbé mì láìséwu?
- Báwo ló ṣe ń tọ̀, báwo ló sì ṣe ń yàgbẹ́? Bí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára rẹ̀, ìgbà wo ni wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀?
- Ṣé egbò kankan wà lára rẹ̀? Níbo? Báwo ló ṣe tóbi tó lónìí?
- Kílíníìkì wo ló ń retí rẹ̀, ọjọ́ wo, nọ́ńbà wo ni ẹ sì lè pè?

Ẹ ra fáìlì kan. Gbogbo ìwé, láti ti áńbúláǹsì títí dé lẹ́tà kílíníìkì, kí ó wà níbẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀ lé aláìsàn. Bí ọmọ bá yà á sínú fóònù, ó dára, ṣùgbọ́n fóònù máa ń kú.

Bí ọpọlọ bá farapa

Lẹ́yìn ìfarapa ọpọlọ, àkókò kan wà tí aláìsàn ti la ojú, tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì lè fi ohun tuntun pa mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lè wá kí i, kó dárúkọ wọn, kó bá wọn ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì, kò ní rántí pé ẹnikẹ́ni wá. Ẹbí á ní ara rẹ̀ ti yá, kí wọ́n jẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Dókítà ìmúbọ̀sípò kì í fi ẹnu dídùn díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, títí tí ìrántí rẹ̀ yóò fi máa so ọjọ́ kan pọ̀ mọ́ èkejì. Bí àkókò yìí bá ṣe pẹ́ tó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń mọ bí ìfarapa náà ṣe le tó. Tí kò bá tíì parí, ilé kò tíì yẹ ẹ́, àfi bí ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán-tòru bá wà.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe oore. Ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, fún ìgbà kúkúrú, láìsí rédíò àti láìsí fóònù tó ń dún. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí tí yóò máa gba ìpè àwọn tó kù, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò máa sọ fún àbúrò, ìyàwó ilé àti àwọn tó wà ní Ìbàdàn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.

Ohun mẹ́ta wà tí ìdílé Yorùbá nìkan ló lè sọ fún dókítà.

Àkọ́kọ́ ni èdè. Ẹni tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọgbọ̀n ọdún lè padà sórí Yorùbá lẹ́yìn tí ọpọlọ rẹ̀ farapa. Tí wọ́n bá dán an wò ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ò yé e. Ẹ sọ èdè tó ń sọ nílé fún wọn, kí ẹ sì béèrè fún ògbufọ̀. NHS ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ má fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ fún òbí rẹ̀: ọ̀rọ̀ wà tí ìyá kò ní í sọ lójú ọmọ.

Èkejì ni "a dúpẹ́." Bí dókítà bá bi bàbá pé báwo lara, bàbá á ní a dúpẹ́, kódà bí ìrora bá fẹ́ pa á. Dókítà á kọ ọ́ pé kò sí ìrora. Ẹ bá bàbá sọ ọ́ ṣáájú pé: "Bàbá, tí wọ́n bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà sọ ọ́. Òdo ni kò dùn yín rárá, mẹ́wàá ni èyí tó le jù." Àdúrà kò tako nọ́ńbà.

Ẹ̀kẹta ni ojú. Àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ tí wọ́n tọ́ láti má wo ẹni tó jù ú lọ lójú lè wo ilẹ̀ bí dókítà bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò mọ àṣà wa lè rò pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, tàbí pé kò lè pọkàn pọ̀. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó yàtọ̀ gan-an.

Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá farapa

Kí ọdún 1944 tó dé, ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá já kì í pẹ́ láyé. Egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn ojú ìtọ̀ ló máa ń pa wọ́n. Ludwig Guttmann, dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939, ló ṣí wọ́ọ̀dù Stoke Mandeville ní oṣù kejì ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun. Ó ní kí wọ́n máa yí aláìsàn padà tọ̀sán-tòru, kí wọ́n mójú tó ìtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un níṣẹ́ àti eré ìdárayá. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1948, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mẹ́rìndínlógún ta ọfà lórí àga onítáyà nínú ọgbà ọsibítù náà. Láti ibẹ̀ ni ìdíje Paralympics ti ṣẹ̀. Ohun tí Guttmann fi gba ẹ̀mí là nígbà náà ni ohun tí ìkọjá láti ibì kan sí èkejì tètè ń bà jẹ́ títí di òní: yíyí aláìsàn padà, àti ìtọ̀.

Egbò ìdùbúlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, lórí tírọ́lì áńbúláǹsì tàbí ní yàrá ìdúró. Ìwé nọ́ọ̀sì sábà máa ń sọ pé kí wọ́n wo ibi tó pọ́n. Lára ènìyàn dúdú, pípọ́n náà lè má hàn. Ẹ wo ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó tutù jù, tó le tàbí tó rọ̀ bí èso tó ti pọ́n jù: ìdí, gìgísẹ̀, ìbàdí, ẹ̀yìn orí. Ẹ wò ó kí ó tó kúrò, kí ẹ tún wò ó bí ó bá ti dé. Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ewu kejì kan àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn farapa ní òkè àyà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní T6 tàbí lókè rẹ̀. Bí rọ́bà ìtọ̀ bá ká, tàbí bí ìgbẹ́ bá dí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lè ga sókè lójijì. Orí á fọ́ wọn gidigidi, òógùn á bò wọ́n lójú. Ẹ gbé aláìsàn jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún un, ẹ wò bóyá rọ́bà ìtọ̀ ká, ẹ sì pe 999 bí kò bá rọlẹ̀ kíákíá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣiṣẹ́ nípa ọ̀pá ẹ̀yìn kò tíì rí i rí. Ẹ ní kí dókítà ìmúbọ̀sípò kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé kìíní, kó sì fún aláìsàn ní káàdì tó ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ilé tó di ibi ìtọ́jú

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ìmúra ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bí dókítà ìmúbọ̀sípò bá ti dárúkọ ilé, ẹ béèrè ìgbà tí OT yóò wá. Ẹ wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ẹ ya fọ́tò àtẹ̀gùn, ilé ìwẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ fúláàtì orí òkè tí líìfù rẹ̀ máa ń bàjẹ́, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú. Àtúnṣe kékeré tí owó rẹ̀ kò kọjá £1,000, káńsù kì í gba owó rẹ̀ bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó nílò rẹ̀. Fún iṣẹ́ ńlá, owó ìrànwọ́ kan wà tó lè tó £30,000, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo iye tó ń wọlé fún àgbàlagbà kí wọ́n tó fi sílẹ̀, ó sì máa ń pẹ́.

Káńsù gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun tí aláìsàn nílò lábẹ́ òfin Care Act ti 2014. Òfin náà tún fún ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò tirẹ̀. Ìyàwó tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé àwọn àgbàlagbà, tó tún fẹ́ máa gbé ọkọ ní ọ̀sán, kó má sọ pé òun á máa ṣe é. Kí ó sọ iye wákàtí tí òun ń sùn. Ìrànlọ́wọ́ láti tún kọ́ bí a ṣe ń dá ṣe nǹkan nílé lè jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bí àwọn ẹ̀gbọ́n láti ilé bá ń pè pé "Ẹ gbé e máa bọ̀, a kì í fi ènìyàn wa sọ́wọ́ àlejò," ẹ jẹ́ kí dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí aláìsàn bá gbà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ibùdó ìmúbọ̀sípò lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó lè dá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹni tí wọn yóò máa gbé lọ. Ẹni tó bá dúró de ìmúbọ̀sípò náà kì í ṣe ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Oúnjẹ pẹ̀lú. Bí oníṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ bá ti sọ irú oúnjẹ tí aláìsàn lè gbé mì, ẹ má dá a rò pé àmàlà rọ̀. Ẹ gbé àmàlà, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá kó fojú rí i, kó sọ èyí tó lè jẹ àti bí yóò ṣe jẹ ẹ́. Ẹ sọ fún dókítà nípa àgbo èyíkéyìí, nítorí pé òmíràn lè bá oògùn tó ń dín dídì ẹ̀jẹ̀ kù jà. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bí aláìsàn bá fẹ́ gba ààwẹ̀, kí wọ́n lè tún àkókò oògùn tò.

Ta ló ní àṣẹ láti pinnu?

Bí aláìsàn bá lè ronú dé ibi ìpinnu, òun ló ni í, kódà bí ìpinnu rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹbí lọ́rùn. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin Mental Capacity Act ti 2005 ní kí wọ́n ṣe ohun tó ṣe é láǹfààní jù, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn àwọn tó sún mọ́ ọn. Ìyàwó, àkọ́bí, olórí ẹbí tàbí pásítọ̀ kò ní àṣẹ láti dá pinnu nítorí ipò wọn nìkan, àfi bí aláìsàn bá ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá yan ẹnì kan. Nítorí náà, ohun tí dókítà nílò lẹ́nu yín ni irú ẹni tí aláìsàn jẹ́: ohun tó ka sí, ohun tó ti sọ rí, ohun tí kò ní í fara mọ́ láé. Bí kò bá ní ẹbí nítòsí, wọ́n gbọ́dọ̀ wá agbẹnusọ olómìnira fún un kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tí yóò máa gbé fún ìgbà pípẹ́.

Owó, fisà àti lọ́yà

Ẹni tó sanwó ìlera mọ́ fisà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú NHS bí onílùú, ìmúbọ̀sípò wà lára rẹ̀. Òbí tó wá kí ọmọ pẹ̀lú fisà àlejò kì í sanwó ní yàrá pàjáwìrì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà á sí wọ́ọ̀dù, owó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó owó àlejò ní ọsibítù sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà ìmúbọ̀sípò mọ̀, nítorí pé ètò tí yóò ṣe fún un lè yí padà.

Bí ẹlòmíràn bá jẹ̀bi ìfarapa náà, ọdún mẹ́ta ni òfin sábà fún ẹni tó fẹ́ pè é lẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀daràn ló ṣe é léṣe, ọdún méjì ni láti béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ̀yin ẹbí kò ní láti dúró kí ẹjọ́ parí: ilé iṣẹ́ adójútòfò lè sanwó físíò àti ẹni tí yóò máa ṣètò ìtọ́jú ṣáájú. Lẹ́tà dókítà ìmúbọ̀sípò ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Awakọ̀ tó ní ìfarapa ọpọlọ tàbí gìrì, tàbí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kó tó tún wa mọ́tò. Èyí kan ẹni tó ń wa Uber àti ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì jù.

Fún ẹni tó fẹ́ padà sí Nàìjíríà

Ọsibítù Igbobi ní Lagos bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìmúbọ̀sípò fún àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ọsibítù eegun ìjọba àpapọ̀. Físíò tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn pẹ̀lú. Dókítà tó kọ́ ìmúbọ̀sípò ní pàtó ló ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, kí dókítà tó wà níbí kọ lẹ́tà tààrà sí dókítà kan tó dárúkọ níbẹ̀, kó sì gba èsì, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fi ń gba aláìsàn, tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí egbò yọ lórí ìjókòó, àti rọ́bà ìtọ̀ tí yóò tó títí wọn yóò fi rí ibi tí wọ́n ti lè rà á. Ẹ tún rántí pé ẹni tó bá kó kúrò níbí pátápátá lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ NHS. Kí ó jẹ́ ìpinnu tí ẹ jókòó ṣe, kì í ṣe èyí tí àárẹ̀ mú yín ṣe.

Ohun tí ẹ ó ṣe ní ìkọjá kọ̀ọ̀kan

*Kí ó tó kúrò:* ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìmúbọ̀sípò. Ẹ ka ìbéèrè mẹ́fà tó wà lókè. Ẹ wo awọ ara rẹ̀. Ẹ gba orúkọ ẹni tó ń retí rẹ̀ níbi tuntun.

*Ní ọjọ́ tó bá dé:* ẹ fún nọ́ọ̀sì ní ìwé náà lọ́wọ́. Ẹ sọ èdè rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un. Ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà ìmúbọ̀sípò ń wá.

*Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní:* ẹ béèrè fún ìpàdé ẹbí. Ẹ yan agbẹnusọ kan, ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀, ẹ kọ èsì sílẹ̀.

*Nígbà tó bá délé:* ẹ pe GP láàárín ọjọ́ méjì láti mọ̀ bóyá lẹ́tà ti dé. Bí físíò tí wọ́n ṣèlérí kò bá pè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá yín lóhùn, PALS wà ní ọsibítù kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ ẹjọ́ yín. Ẹgbẹ́ Headway wà fún ìfarapa ọpọlọ, Spinal Injuries Association sì wà fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ènìyàn sílẹ̀.

*Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta:* ẹ lọ sí kílíníìkì ìmúbọ̀sípò, kódà bí ara bá dà bíi pé ó ti yá. Ìbínú òjijì, àárẹ̀ tí kì í lọ, ìgbàgbé àti ọkọ tí kò fẹ́ kúrò nílé mọ́ sábà máa ń fara hàn nígbà tí àlejò ti tán, tí gbogbo ènìyàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọn kò bá fún yín ní ọjọ́ kílíníìkì kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ ní kí GP kọ̀wé béèrè rẹ̀.